Àkísà Pupa Tí Muzzammil Sọ Di Àwọ̀ Ewé

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2023, Muzzammil ya àwòrán ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Ọ̀kan ṣoṣo ló dára nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibi ìgbéyàwó ló lọ: kòkòrò ló yà. Kòkòrò kan báyìí, onírun lára, tí gígùn rẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ, lórí ẹja yíyan, ní Youpwè, ọjà ẹja kan létí omi ní Douala. Ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n da ikùn dé ilẹ̀ níwájú agbọ̀n ẹja fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé agolo sadíìnì tó kún fún yanrìn, ó sì ń dá èémí dúró kí àwòrán má baà mì. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Yorùbá kì í rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kó má kí i, ì báà ṣe ìdin ló dọ̀bálẹ̀ fún.

Muzzammil kàwé. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, nítorí òun náà kì í pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ìmọ̀ nípa ẹranko àti kòkòrò ló kà ní yunifásítì nílé, ìwé ọdún mẹ́rin tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fà gùn di mẹ́fà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ tó gboyè. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ohun ìkẹyìn tí ìlú rẹ̀ rí fún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó fi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí àwọn tí kì í ka lẹ́tà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ẹnubodè, ó gba ibẹ̀ dé Douala ní Kamẹrúùnù, níbi tí ọmọ ìlú rẹ̀ kan, Alhaja Fẹ̀yìntọlá, ti gbà á sílé ní àdúgbò Logbaba. Alhaja yìí ni olórí àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ẹja ní Youpwè. Òun ló bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fún Muzzammil ní àyè tábìlì kan ní àdúgbò Akwa, lábẹ́ agbòòrùn, níbi tó ti ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́. Báyìí ni ọkùnrin tó lè dárúkọ gbogbo oríkèé ẹsẹ̀ eṣinṣin ṣe di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì. Ẹ̀kọ́ dára púpọ̀. Ẹ máa rán àwọn ọmọ yín lọ.

Nínú kámẹ́rà àtijọ́ kan tí oníbàárà fi sílẹ̀ tí kò padà wá gbà, ó yọ lẹ́ǹsì kékeré kan, ó yí i sódì, ó sì fi rọ́bà dè é mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ kọjá a di ńlá. Irun ẹsẹ̀ èèrà a dà bí igi àgbọn. Ojú eṣinṣin a dà bí afárá oyin. Láti ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú. Òun a wọ bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà àwọn ará Douala, a lọ síbi tí kòkòrò bá wà. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń jẹ́ oníṣẹ́ fóònù. Ní ọjọ́ keje, fún wákàtí díẹ̀, ó ń jẹ́ ohun tó kàwé fún. Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan fún un lórí rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó rò nìyẹn.

Àṣà kan wà ní Youpwè tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Nínú abà tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín kì í mọ agbọ̀n olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Oṣù kan péré, gbogbo wọn a dúdú bí ìdí ìkòkò. Nítorí náà, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní àkísà tirẹ̀, ìrépé aṣọ aláwọ̀ kan tó ń so mọ́ etí agbọ̀n. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣòwò ẹja ni wọ́n ti ń yan àwọ̀ náà fún un lọ́jọ́ tó bá gba àyè nínú abà, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ lò ó títí tí yóò fi kúrò. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn kì í béèrè orúkọ. "Ẹ fún mi ní ti yẹ́lò," ni wọ́n máa ń wí, ó parí. Pupa ni ti Alhaja Fẹ̀yìntọlá. Àwọ̀ ewé ni ti Kàdíját.

Kàdíját, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Husnah, jẹ́ opó tó ní agbọ̀n méjì péré. Ẹja tó bá yan lọ́jọ́ Ajé kò gbọdọ̀ di ọjọ́ Jímọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èrè rẹ̀ náà ni yóò fi ra òmíràn. Àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó ní nínú abà yẹn ni gbogbo ohun tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Òun nìkan sì ni kì í fi Muzzammil ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn; ojú rẹ̀ ló ti máa ń ṣe é. Òun ló máa ń bá a di bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ mú, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sára kòkòrò.

"Ọ̀gá ayàwòrán," ó wí lọ́jọ́ náà, "ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ kòkòrò kó o tó máa ya ìdí ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú tiyín wò ná. Irú tó máa ń jẹ ẹja gbígbẹ ni mò ń wá."

"Lọ́dọ̀ tèmi? Ẹja tèmi kì í dúró tó èyí tí kòkòrò ń bá dọ̀rẹ́. Lọ wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ Alhaja. Tiwọn ti ń dúró de ààwẹ̀ láti oṣù kejì."

Òótọ́ ni. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mọ́kànlá, Alhaja sì ti ń kó ẹja jọ láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó lè gbówó lórí. Alhaja fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan. Muzzammil tú agbọ̀n àkọ́kọ́, ó rí ohun tó ń wá, ó tilẹ̀ rí i jù. Nínú àwòrán kan tó dára yẹn, irun ara kòkòrò náà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n fi òòyà yà á. Lẹ́yìn rẹ̀, láìhàn kedere, pupa kan wà bí iná tó ń jó lókèèrè. Àkísà Alhaja ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lórí tábìlì rẹ̀ ní Akwa, ó tún àwòrán náà ṣe. Ó nu eruku orí rẹ̀ kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó fi kún ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa yẹn ń dà á láàmú: kòkòrò náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ọ̀kan ń gbé ìkejì mì. Ó fi ìka fa àwọ̀ ẹ̀yìn náà lójú fóònù. Ó di àwọ̀ ọsàn. Ó di yẹ́lò. Ó di àwọ̀ ewé. Nígbà tó di àwọ̀ ewé, kòkòrò náà yọ sójú bí ọba tó jáde sí gbangba, Muzzammil sì gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ pé kòkòrò yìí kì í gbé níbi tí nǹkan tútù wà, ó gbé e síwájú àwọ̀ ewé tútù, inú rẹ̀ sì dùn. Kò ronú kan Kàdíját rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì kéré jù.

Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Brigitte. Brigitte jẹ́ ọmọ Douala, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì; Muzzammil ti pààrọ̀ ojú fóònù fún un rí. Ó ń darí ẹgbẹ́ kan tó ń ya àwọn ohun kéékèèké inú igbó àti etí omi, wọ́n sì ń múra ìfihàn kan sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Akwa. Òfin wọn kò pọ̀. O lè nu eruku. O lè fi kún ìmọ́lẹ̀. O kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọ̀. Nísàlẹ̀ bébà òfin náà, Muzzammil kọ "lu et approuvé", bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ní Kamẹrúùnù, pé òun ti kà á, òun sì fara mọ́ ọn. Ó ti kà á lóòótọ́.

"Ọ̀mọ̀wé onímọ̀ kòkòrò kan ń bọ̀ láti Yaoundé," Brigitte sọ fún un. "Ó ń wá ẹni tí yóò máa ya kòkòrò fún ìwé tó ń ṣe. Monsieur Muzza, ça c'est pour vous."

Tirẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan láyé yìí fẹ́ ra ohun tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Muzzammil ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Akwa bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Brigitte gbé àwòrán náà sójú ìwé ẹgbẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Muzzammil kì í fi òótọ́ ṣeré bó bá di ti kòkòrò, nítorí náà ó ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lórí ẹja yíyan ní Youpwè ni òun ti ya á. Lọ́jọ́ Rú, ẹnìkan tí a ò mọ̀ gé orúkọ Muzzammil kúrò lára àwòrán náà, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò: "Youpwè. Voilà ce que vous mangez." Ohun tí ẹ̀ ń jẹ nìyí. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tó ti pín in ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Gbogbo ìlú wo kòkòrò. Youpwè wo àkísà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní Logbaba, Alhaja na fóònù rẹ̀ sí i lórí oúnjẹ.

"Muzzammil, ọ̀dọ̀ ta lo ti ya nǹkan yìí?"

Muzzammil la ẹnu.

"Má dá mi lóhùn," Alhaja wí. "Mo kàn bi ọ́ ni." Ó mú ẹran méjì látinú ìkòkò, ó fi lé e lórí ìrẹsì. "Jẹun, jàre. O ti ń rù jù."

Alhaja mọ agbọ̀n ara rẹ̀. Muzzammil mọ̀ pé ó mọ̀. Ó jẹ ẹran náà, méjèèjì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lábẹ́ tapólì ní Youpwè. Yẹ̀kínnì, akọ̀wé wọn, gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń fi olè han àwọn ará àdúgbò. Ó yẹ kí a sọ pé ìyàwó Yẹ̀kínnì ti ń wá àyè nínú abà láti ọdún tó kọjá. Kò sí ohun tí èyí fi kan ọ̀rọ̀ náà. A kàn sọ ọ́ ni.

"Ará ẹgbẹ́, àwọ̀ wo lèyí?"

"Ewé!"

"Ta ló ni ewé?"

Gbogbo ọrùn yí sí ibì kan náà.

"Àkísà mi kọ́ nìyẹn," Kàdíját wí.

"Ṣé pupa lo rí ni?" Yẹ̀kínnì bi í, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Alhaja náà rẹ́rìn-ín, òun ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo mọ ohun tí kì í ṣe. Oníbàárà mi láti Bafoussam ti pè mí láàárọ̀ yìí pé òun ò ra ti ewé mọ́. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà." Ó yíjú. "Muzzammil, ìwọ lo ya á. Ọ̀dọ̀ ta lo wà lọ́jọ́ yẹn? Sọ fún wọn."

Kí Muzzammil tó gbé orí sókè, Alhaja ti dá sí i. "Ẹ fọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Kòkòrò ló ń yà, kì í ya èèyàn. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọjà?"

Muzzammil ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó lè fi sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọjá sí nǹkan mìíràn. Ó lò wọ́n láti fi etí ẹ̀wù nu lẹ́ǹsì. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lábẹ́ tapólì yẹn lọ: kòkòrò tó tóbi tó yẹn ti lò tó oṣù kan lórí ẹja, ẹja Kàdíját kì í sì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kòkòrò náà dàgbà ju ẹja obìnrin náà lọ. Gbólóhùn kan péré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn yóò bi í pé ewé ti ṣe dé ibẹ̀. Bó bá dáhùn, Brigitte yóò gbọ́. Bí Brigitte bá gbọ́, wọn yóò yọ àwòrán náà kúrò lára ògiri, ọ̀mọ̀wé Yaoundé yóò sì padà láìrí i. Ó ṣírò gbogbo èyí dáadáa. A ti sọ fún yín pé ó kàwé.

Wọ́n ní kí Kàdíját kúrò nínú abà títí di ẹ̀yìn ọdún ààwẹ̀, kí orúkọ ọjà lè mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó Yẹ̀kínnì gba àyè náà. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti Muzzammil kò tilẹ̀ dọ́jà. Ó jókòó sílé ní Logbaba, ó ń dúró de ọjọ́ ìfihàn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni. Muzzammil wọ ẹ̀wù tó fi gboyè, ètè rẹ̀ gbẹ, wọ́n ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọjá níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwòrán rẹ̀ wà láàárín ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn fèrèsé. Brigitte ti yí àkọlé rẹ̀ padà "pour éviter les histoires", kí ariwo má baà wà. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni "Petit habitant de la mangrove": ará kékeré inú igbó etí omi. Ẹja ti lọ. Youpwè ti lọ. Àwọn èèyàn pọ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń wí pé, "Quel vert!", irú àwọ̀ ewé wo nìyí! Ìyáàfin kan béèrè irú ewé tí kòkòrò náà máa ń jẹ.

"Oríṣiríṣi," Muzzammil dá a lóhùn.

Ọ̀mọ̀wé láti Yaoundé kúrú, ó sì ti dàgbà. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó sún mọ́ àwòrán náà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

"Kòkòrò ẹja gbígbẹ nìyí," ó wí ní Faransé. "Kí ló ń ṣe níwájú ewé?"

"Ewé kọ́, ọ̀gá. Aṣọ ni."

"Aṣọ àwọ̀ wo?"

"Àwọ̀ ewé."

"Wá." Ó na ìka sí ẹ̀yìn kòkòrò náà. "Ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ohun tó bá wà nítòsí ni yóò hàn lórí rẹ̀. Kí lo rí níbí?"

Muzzammil wò. Lórí ẹ̀yìn kòkòrò náà, láàárín irun méjì, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tàn. Ó ti nu eruku lẹ́yọ lẹ́yọ; kò rí èyí.

"Ẹni tó bá lè yí àwọ̀ nítorí ẹwà," ni ọkùnrin náà wí, kò bínú rárá, "kò lè ya kòkòrò fún ìwé mi. Ẹ ṣeun." Ó bọ́ sí àwòrán tó tẹ̀ lé e, labalábá kan tí kò ní ẹwà kankan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Brigitte ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò yọ àwòrán náà. Wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni Muzzammil pàdánù iṣẹ́ tó ń lé. Lọ́jọ́ Àìkú ni ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ jí.

Ó dìde láàárín ìpàdé ẹgbẹ́ ní Youpwè, ní ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ tó dákẹ́. Ó fi àwòrán àkọ́kọ́ hàn wọ́n, èyí tí kò tíì tún ṣe, pẹ̀lú àkísà pupa lẹ́yìn kòkòrò. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe fi ìka fa àwọ̀. Ó ṣàlàyé ìlà pupa tó ṣẹ́kù. Ó ṣàlàyé ọjọ́ orí kòkòrò. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìwé ló ń kà jáde. Àwọn mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Alhaja tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Muzzammil ọmọ mi, jẹ́ n bi ọ́. Ìwọ lo sọ pupa di ewé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja. Ẹ má bínú."

"Ìka kan lo fi ṣe é?"

"Ìka kan ni, mà."

"Ọwọ́ tó sọ pupa di ewé, ṣé kò lè sọ ewé di pupa?"

Ariwo ẹ̀rín sọ. Yẹ̀kínnì pàtẹ́wọ́. Muzzammil gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kòkòrò sọ.

"Wọ́n kọ́ ọ ní ọjọ́ orí ìdin ní yunifásítì," Alhaja wí, "wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ríṣẹ́. Ẹran mi lo jẹ dàgbà ní ìlú yìí. Kí ìṣínu tó dé, kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi. Tábìlì àna mi náà, fi sílẹ̀ fún wọn."

Ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé àwọ̀ ṣeé fà, ì bá kàn sọ pé: ọ̀dọ̀ Alhaja ni. Wọn ì bá lọ tú agbọ̀n Alhaja wò níbẹ̀ níbẹ̀, kòkòrò ì bá sì jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú yìí, ẹja Alhaja ti tà tán. Ó gbówó lórí dáadáa. Ààwẹ̀ ni.

Wọ́n máa ń sọ pé kí á ṣàánú ẹni tó jẹ́wọ́. Kí ẹni tó ní àánú ṣe é.

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn, ó wá Kàdíját lọ. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ní òdìkejì Logbaba, tó jókòó ti abọ́ ẹja kan tí ó rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí àkísà lára abọ́ náà. Muzzammil sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Kàdíját wí. "Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣòro fún ọ. Mo ti rí ọ tó o ṣe é fún kòkòrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé àwọ̀ yín ni. Lọ́jọ́ tí mo fà á, mi ò ronú kàn án."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

Muzzammil dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ti Alhaja ni," obìnrin náà wí. Ó ń fi páálí fẹ́ eṣinṣin kúrò lórí ẹja. "Èmi máa ń so tèmi pọ̀ mọ́ etí agbọ̀n, mi kì í fi sílẹ̀ kó rọ̀. Tinú àwòrán yẹn ní ìrù méjì tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló ń so ó bẹ́ẹ̀ ní Youpwè?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wí bẹ́ẹ̀?"

"Fún ta ni? Opó tó ní agbọ̀n méjì ni yóò pe olórí ẹgbẹ́ lólè lójú ẹgbẹ́? Mo ní tèmi kọ́. Mo pe orúkọ rẹ. Mo wò ọ́. Ìwọ ni mo ń retí, Muzzammil. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé, ọmọ yìí kàwé, yóò sọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé wọn. Ìgbà tó o ń nu dígí yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nínú abà."

Ó fún un ní omi; ó rántí pé àwọn méjèèjì ń gbààwẹ̀, ó gbé omi náà padà.

"Àwọn mélòó ló ní àwòrán náà lọ́wọ́?"

"Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ."

"Mélòó lo ti sọ fún?"

"Mọ́kànlá."

"Máa lọ, nígbà náà," Kàdíját wí. "O níṣẹ́."

Muzzammil gbé àwòrán méjèèjì sórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́jọ́ kejì, ti pupa àti ti ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì kọ ohun tó ṣe sábẹ́ rẹ̀ ní Faransé àti ní Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló pín in. Mẹ́ta nínú wọn ló ń béèrè irú ápù tó fi yí àwọ̀. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan báyìí, ó ń pààrọ̀ ojú fóònù lẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ náà. Kì í ya kòkòrò mọ́ lọ́jọ́ Àìkú. A ò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí kò ní àsìkò, a ò sì bi í. Ọdún ààwẹ̀ ti kọjá, wọn kò dá àyè Kàdíját padà fún un. Ìyàwó Yẹ̀kínnì ní òun ti mọ́ra.

Nípa ìwọ tí ò ń ka èyí: ó ṣeé ṣe kí o ti rí àwòrán náà. Ó ṣeé ṣe kí o ti sọ pé "èèwọ̀!", kí o sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, sí àbúrò rẹ, sí ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ, kí o tó máa bá oúnjẹ rẹ lọ. Kò gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Má ṣe mí ìmí ẹ̀dùn fún Muzzammil. Kò ní í lò ó. Má sì pa àwòrán náà rẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ṣí fóònù rẹ. Wá gbogbo ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún wọn pé àkísà náà pupa, kì í ṣe ewé, pé ìwọ lo fi irọ́ ránṣẹ́ sí wọn, pé Kàdíját kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀. Ṣe é kí o tó gbé fóònù náà sílẹ̀.